Bí ẹ ṣe lè rin ọgbà Ueno ní Tokyo lọ́jọ́ kan, kí ẹsẹ̀ yín má wú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀. Tí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ "páàkì", ibi tí àgbérò ti ń pariwo "Ọ̀jọ́ta, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ" ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti mọ́tò. Ọgbà ìgbafẹ́ ni, ó wà ní Ueno láàárín ìlú Tokyo, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 53, kò sì sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ńpìlì Kan'ei-ji ni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1625. Ogun jà lórí ilẹ̀ náà ní 1868, ọ̀pọ̀ ilé tẹ́ńpìlì sì jóná. Ní 1873 ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà gbogbo ènìyàn, nígbà tó sì di 1924, ọba fi í ta ìlú Tokyo lọ́rẹ. Ìdí nìyẹn tí "onshi", tó túmọ̀ sí ẹ̀bùn ọba, fi wà nínú orúkọ rẹ̀ títí di òní: Ueno Onshi Kōen.

Wàhálà ọgbà yìí ni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀ bí ẹni da ẹ̀wà, ọgbà ẹranko wà, ojúbọ àti tẹ́ńpìlì wà, adágún omi wà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́. Bí mo ṣe máa ń mú àlejò rìn ín rèé: òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ la ń parí sí, ibi kan ṣoṣo la sì ń sanwó wọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé

Ọgbà fúnra rẹ̀ kì í sinmi. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń ṣí i, aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n ń tì í. Ṣùgbọ́n ọgbà ẹranko àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá inú rẹ̀, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Tí ọjọ́ Ajé náà bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, wọ́n á ṣí, wọ́n á wá tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo mọ èyí, mo sì gbàgbé. Àǹtí mi kan wá kí mi láti Ìbàdàn, ọjọ́ Ajé ni mo mú wọn lọ. Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, títì. Ìkejì, títì. Nígbà tí a dé ẹ̀kẹta, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n yọ bàtà, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé igi lo gbé mi wá wò láti Ìbàdàn?" Mo bẹ̀bẹ̀ títí, àfi ìgbà tí mo ra áísìkiriìmù kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú dára, àmọ́ èrò á pọ̀. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ tó lù, torí ìgbà yẹn ni ọgbà ẹranko àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Tokyo National Museum ń ṣílẹ̀kùn.

Ní ti àsìkò ọdún, ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni òdòdó sakura ń yọ, ó sì máa ń ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí igi: bí ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tó bá tanná tán, atẹ́gùn á ti gbọ̀n ọ́n dànù. Èrò ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré, ẹ má mú ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò lè dúró síbì kan lọ. Oṣù keje àti ìkẹjọ, ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ le débi pé ọmọ Èkó gan-an á nu ojú. Ìgbà òtútù ni èmi fẹ́ràn jù: oòrùn máa ń ràn, èrò ò pọ̀, ẹ ṣáà ti da aṣọ bora dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 2: Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì

Ìwé ìrìnnà, ìyẹn pásípọ́ọ̀tù gan-an, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Òfin ilẹ̀ náà ni pé kí àlejò máa mú un kiri, ọlọ́pàá sì lè ní kí ẹ mú un wá. Tí wọ́n bá dá ènìyàn dúdú dúró, ẹ má bínú, ẹ mú un jáde, ẹ dáhùn jẹ́jẹ́, ó tán.

Ọ̀rá tàbí nylon méjì. Ẹ má fojú di èyí o. Ẹ lè rìn fún wákàtí mẹ́ta ní Tokyo kí ẹ má rí ibi tí ẹ máa da pàǹtí sí. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń gbé ìdọ̀tí tiwọn lọ sílé ni. Àǹtí mi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń sọ yẹn, wọ́n wá ibi tí wọ́n máa ju èèpo rẹ̀ sí, wọn ò rí i. Inú báàgì aláwọ̀ tí wọ́n rà fún ìgbéyàwó ọmọ wọn ni èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sùn sí títí a fi délé.

Owó ẹyọ, pàápàá ti 100 yen àti ti 5 yen. Ẹ máa rí ìwúlò wọn níwájú.

Omi, àti bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀. Tí ìgbà sakura bá ni, ẹ fi ẹní oníke kún un. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó gun orí rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ wọ yàrá àgbà. Ẹ má ṣẹ́ ẹ̀ka sakura, ẹ má gbọ̀n ọ́n torí fídíò, ẹ má sì dáná.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gba ọ̀nà tó tọ́ jáde

Tí ẹ bá ń ti pápákọ̀ òfurufú Narita bọ̀ tààrà, ọkọ̀ ojú irin Skyliner á gbé yín dé ibùdókọ̀ Keisei Ueno láàárín bíi ìṣẹ́jú 45. Abẹ́ ọgbà yìí gan-an ni ibùdókọ̀ náà wà. Tí ẹ bá ti wà nínú ìlú, ọkọ̀ Yamanote aláwọ̀ ewé tó ń yí Tokyo po ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sọ̀ ní Ueno.

Káàdì Suica tàbí Pasmo ni ẹ máa fi san owó ọkọ̀. Ẹ fi owó sínú rẹ̀, ẹ fi kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Àwọn tó ń lo iPhone lè gbé Suica sórí fóònù wọn. Android tí ẹ rà nílé kì í sábà gbà á, nítorí náà ẹ ra káàdì ọlọ́wọ́. Nínú ọkọ̀, ẹ má gbé ìpè. Tí ìyá yín bá pè láti ilé, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ ó pè wọ́n padà.

Ibi tí àlejò ti ń ṣìnà rèé. Ibùdókọ̀ Ueno tóbi, ọ̀nà àbájáde rẹ̀ sì pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ "Park Exit" sí lára ni kí ẹ tẹ̀ lé, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Kōen-guchi. Òkè ló wà. Tí ẹ bá ti gba ibẹ̀ jáde, ẹ ti dé orí ilẹ̀ gíga ọgbà náà, ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Tí ẹ bá ṣèèṣì gba ìsàlẹ̀ jáde, ẹ ti ba ètò jẹ́ nìyẹn, torí òkè lẹ máa gùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ yín, kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ wà nínú ibùdókọ̀. Àwọn ńlá tètè ń kún, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tètè dé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan ibi kan tí ẹ máa sanwó wọ̀

Tí ẹ bá jáde ní Kōen-guchi, gbọ̀ngàn orin ńlá tí wọ́n ń pè ní Tokyo Bunka Kaikan ló wà lápá òsì. Lápá ọ̀tún, ilé onígun tó dúró lórí òpó ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà àwọn ará Yúróòpù. Le Corbusier ló ya àwòrán ilé náà, 1959 ni wọ́n ṣí i, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìní àgbáyé ní 2016. Kódà tí ẹ ò bá wọlé, ẹ wo àgbàlá iwájú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni: àwọn ère tí Rodin, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, ṣe wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọkùnrin oníhòòhò yẹn tó jókòó tó fọwọ́ lẹ́rán. Ọjọ́ tí àǹtí mi padà wá rí i, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Gbèsè ló ń rò."

Tí ẹ bá bi mí, Tokyo National Museum ni kí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn wọ̀. Òun ló wà ní ìparí ọgbà, lẹ́yìn orísun omi ńlá. 1872 ló bẹ̀rẹ̀. 1,000 yen ni mo san. Ìhámọ́ra àwọn samurai, idà, aṣọ àti ère igi àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ wo idà wọ̀nyẹn dáadáa, ẹ tẹ̀ mọ́ gíláàsì kí iná lè tàn sí irin náà láti ẹ̀gbẹ́: ẹ máa rí ìlà kan tó ń rú bí ìgbì lójú ẹnu rẹ̀, bí èéfín tó dì. Amọ̀ ni alágbẹ̀dẹ fi ń bo ẹ̀yìn idà kó tó fi iná yún un, kó tó tì í bọ omi. Ibi tí amọ̀ ò nípọn sí ló ń yára tutù tó sì ń le. Ọmọ alágbẹ̀dẹ nílé wa á dúró síbẹ̀ pẹ́.

Tí ọmọdé bá bá yín wá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì ni. Ère àbùùbùtán ńlá kan wà níta rẹ̀, bíi pé ó ń bẹ́ wọ inú òkun. Ọmọ ò ní jẹ́ kí ẹ kọjá rẹ̀. Àbí kẹ̀, ọgbà ẹranko, 600 yen fún àgbà, ọ̀fẹ́ fún ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ló pẹ́ jù ní gbogbo Japan, 1882 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Pánda ló sọ ọ́ di olókìkí láti 1972 tí méjì àkọ́kọ́ ti dé láti Ṣáínà, wọ́n sì bí ìbejì pánda níbẹ̀ ní 2021. Ṣùgbọ́n Ṣáínà ló ni ìbejì náà, wọ́n sì padà síbẹ̀ ní 2026. Kí ẹ tó ṣèlérí pánda fún ọmọ, ẹ wo ìkànnì ọgbà náà bóyá ìkankan wà. Nígbà ogun, ní 1943, wọ́n pa àwọn ẹranko ńlá ibẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé bọ́ǹbù lè tú wọn sílẹ̀; ebi ni wọ́n fi pa erin mẹ́ta. Òkúta ìrántí wọn wà nínú ọgbà.

Ọgbọ́n kan wà fún ẹni tó bá yan ọgbà ẹranko: ẹ gba ẹnu ọ̀nà òkè wọlé, ẹ rìn kọjá afárá sí apá ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà Benten jáde. Etí adágún omi ni ẹ máa já sí, ẹ ò ní tún ọ̀nà kan rìn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kí ẹni tó wá sí Èkó

Èyí kò sí nínú ètò àwọn afinimọ̀nà, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kankan ò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Nítòsí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì, lábẹ́ igi, ère ọkùnrin kan wà tó gbé túùbù gíláàsì sókè lójú ara rẹ̀. Noguchi Hideyo ni, dókítà ará Japan tó ń ṣèwádìí àrùn. Ní 1927 ó wá sí Accra láti wádìí ibà pọ́njú. Ó gbà pé bakitéríà kan ló ń fà á. Àwọn olùwádìí tó wà ní Yábà, ní Èkó wa níbẹ̀ yẹn, ti rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé fáírọ́ọ̀sì ni. Ní oṣù karùn-ún 1928 ó wá bá wọn ní Èkó. Àkókò ìrìn àjò yẹn náà ni àìsàn dá a wólẹ̀, ó sì kú ní Accra ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Ibà pọ́njú tó wá wádìí ló pa á.

Káàdì yẹ́lò tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa ní pápákọ̀ Ìkẹjà, àrùn yẹn ni. Ẹ tún wo owó ọwọ́ yín: láti 2004 títí di 2024, ojú Noguchi ni wọ́n ń tẹ̀ sórí 1,000 yen. Tuntun ti jáde, àmọ́ ti àtijọ́ ṣì ń ná. Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà, kí ẹ ya fọ́tò.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀

Láti ibi orísun omi, ọ̀nà gbọọrọ kan wà tí igi sakura tò sí lọ́tùn-ún lósì, gúúsù ló ń lọ. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń pidán tàbí tó ń lu ìlù lójú ọ̀nà, ìjọba ìlú ló fún un níwèé àṣẹ. Ẹ dúró wò ó, ẹ ju nǹkan sínú fìlà rẹ̀.

Ní apá ọ̀tún ni Tōshō-gū, ojúbọ Tokugawa Ieyasu, ọ̀gágun tó ṣàkóso Japan láyé àtijọ́. Ilé tó wà níbẹ̀ yìí, 1651 ni wọ́n kọ́ ọ, wúrà ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Ogun 1868, ìmìtìtì ilẹ̀ 1923 àti bọ́ǹbù ogun àgbáyé ò rí i gbé ṣe. Wọ́n ń gbowó kí ẹ tó wọ inú lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n láti ìta, láàárín àwọn àtùpà òkúta tó tò lọ bí ọmọ ogun, ẹ ti rí èyí tó pọ̀ jù.

Lórí òkè kékeré kan nítòsí ibẹ̀, ojú nìkan ló kù lára ère Buddha ńlá kan. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti já orí rẹ̀ bọ́ lóríṣiríṣi ìgbà, ti 1923 ló gbẹ̀yìn. Nígbà ogun, wọ́n yọ́ ara yòókù fún irin. Wọ́n wá kan ojú náà mọ́ ògiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá gbàdúrà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣèdánwò, nítorí ní èdè Japan, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún kí nǹkan já bọ́ àti kí ènìyàn fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Èyí tó ti já bọ́ tán kò lè já bọ́ mọ́.

Ibi owó 5 yen nìyí. "Go-en" ni wọ́n ń pè é, ó sì dún bí ọ̀rọ̀ wọn fún àjọṣe tí kádàrá so. Tó bá jẹ́ ojúbọ Shintō, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, tó ní ẹnu ọ̀nà torii ni, ẹ tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ tẹ́ńpìlì Buddha, ẹ má pàtẹ́wọ́. Tí ẹ̀sìn yín ò bá gbà á, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín.

Ẹ wá kọjá sí Kiyomizu Kannon-dō, tẹ́ńpìlì pupa ti 1631 tó ní pèpéle onígi. Igi kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n tẹ ẹ̀ka rẹ̀ títí tó fi ká bí ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ gba àárín òrùka yẹn wo ìsàlẹ̀: òrùlé tẹ́ńpìlì Benten-dō tó wà láàárín adágún omi ló wà nínú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ lẹ ń lọ.

Kí ẹ tó sọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí i, ẹ wo ère Saigō Takamori, jagunjagun olókìkí kan, pẹ̀lú ajá rẹ̀. Láti 1898 ló ti dúró síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ilé lásán lọ́rùn. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 1923, àwọn tó ń wá ẹbí wọn ló fi ìwé lẹ gbogbo ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Omi, lẹ́yìn náà oúnjẹ

Adágún Shinobazu ló wà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ oṣù keje tàbí ìkẹjọ, òṣíbàtà á ti bo apá kan rẹ̀ débi pé ẹ ò ní rí omi. Ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ, ó sì ga dé àyà ènìyàn. Òwúrọ̀ ni òdòdó rẹ̀ ń ṣí, ọ̀sán ló ń pa dé, nítorí náà ní ìgbà yẹn nìkan ni mo gbà kí ẹ dojú ètò yìí délẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ wá síbí ní kùtùkùtù. Ní apá kejì, ẹ lè háyà ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ṣe bí ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ tó ti rìn láti òwúrọ̀ kò fẹ́ ìyẹn o.

Lójú ọ̀nà Benten-dō, àwọn tó ń ta takoyaki sábà máa ń wà: bíi àkàrà róbótó, tí wọ́n fi ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sínú. Ẹ má jù ú sẹ́nu lódidi. Ìta rẹ̀ á tutù, inú rẹ̀ á ṣì máa hó. Ẹ fi igi tín-ín-rín tí wọ́n fún yín lu u, kí ooru jáde ná. Kí ẹ sì jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó tà á, torí òun ló máa gba abọ́ òfìfo lọ́wọ́ yín.

Ẹni tí ebi ń pa dáadáa, kó sọdá títì sí ọjà Ameyoko. Abẹ́ ojú irin ló wà, láti Ueno dé Okachimachi. Ọjà fàyàwọ́ ló jẹ́ lẹ́yìn ogun 1945. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ kí ọlọ́jà pariwo ọjà ní Tokyo, tí mo sì ti rí ẹlẹ́ja tó dín owó ọjà rẹ̀ kù nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àwọn tó ń ta kẹ̀bábù wà níbẹ̀. Ẹ wo àkọlé halal kí ẹ tó rà. Nínú ilé ìtajà tó dúró láàárín ọjà náà, ní abẹ́ ilẹ̀, ẹ máa rí ata wẹ́ẹ́rẹ́ tútù. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílùú náà mọ ohun tí mò ń wí.

Tí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ má padà sí Ueno. Ẹ máa rìn lọ síwájú nínú ọjà títí ẹ ó fi já sí ibùdókọ̀ Okachimachi. Yamanote aláwọ̀ ewé kan náà ló ń dúró níbẹ̀, kò sì ní èrò tó ti Ueno. Àyè ìjókòó lè wà.